Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò àti Ìkòkò Inú Bùláńkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ òun, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa.

Òun ni alábòójútó yàrá tí wọ́n ń kó ìwé òfìfo sí ní ilé ìtẹ̀wé kan. Ẹnikẹ́ni tó bá nílò ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa wá, òun ló sì máa fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò ní gbọ́ ohun kan nípa ìwé. Ọbẹ̀ lẹ máa gbọ́: ọbẹ̀ tó sè lánàá, ọbẹ̀ tó fẹ́ sè lọ́la, àti ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn sè tí kò tó tiẹ̀.

"Tọ́-ọ-wò, a-sebẹ̀-má-fọwọ́-kan-ọ̀bẹ! Tọ́-ọ-wò, ọkọ ṣíbí, ọ̀tá abọ́ tó fẹ́ fífọ̀!" Báyìí ni àwọn tó ń tẹ̀wé ṣe máa ń kì í tó bá ń kọjá. Òun a wá fa ìgbànú rẹ̀ sókè, inú rẹ̀ a máa dùn ṣìnkìn. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bàbá yìí ò tíì bó àlùbọ́sà kan rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sebẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbọ́ òórùn, kó yan wọ ilé ìdáná, kó ṣí ìkòkò, kó bu díẹ̀, kó fẹ́ ẹ fùú, kó tọ́ ọ wò, kó dijú, kó wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ sísè: "Iyọ̀ kù." Á fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀ sí i. Tó bá ti bu iyọ̀ yẹn tán, òun ló sebẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ ìwà yìí tipẹ́tipẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dín iyọ̀ kù sílẹ̀ dè é.

Kí obìnrin yìí tó wọlé ọkọ, olùdáná ilé ìwòsàn ni. Abọ́ ọ̀ọ́dúnrún ló ń bù lóòjọ́, kò sí aláìsàn tó ń dá tiẹ̀ padà. Ọkọ rẹ̀ ló ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. "Ìyàwó ọ̀gá," ó ní, "kó máa ro ọbẹ̀ fún ẹni tó ń wúkọ́? Ó tì o!" Obìnrin náà gbà. Ó tọ́mọ, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́, ilé wá dá wáí. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti tún ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí ọ̀gá àgbà tuntun dé sí ilé ìtẹ̀wé. Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í sì í pariwo. Ẹni tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, Màdáámù wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé òun ń wá olórí ilé ìdáná. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè wá, ará ìta náà lè wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ọbẹ̀ aláìlẹ́ran tó ń yó ènìyàn sè.

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò kó ìròyìn yìí délé bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ bá mi mú lẹ́tà lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn."

Ojú ẹsẹ̀ ló jókòó tó kọ ọ́, ojú ìwé méjì gbáko. Kò fọ́nnu nínú ẹ̀. Ó kàn sọ ibi tó ti dáná rí, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe ń se ọbẹ̀ píìsì, ìyẹn ẹ̀wà aláwọ̀ ewé róbótó tí wọ́n ti bó, tí wọ́n là sí méjì.

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò ki lẹ́tà bọ àpò. Ẹ má purọ́ mọ́ ọn, ó ní in lọ́kàn láti fi jíṣẹ́. Àfi bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà akọ̀wé, tó gbọ́ pé olórí ilé ìdáná máa ní ọ́fíìsì tiẹ̀, àga tó ń yí, àti kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Ìyẹn nìkan ì bá má tíì mì í. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ ni èyí tí akọ̀wé sọ tẹ̀ lé e: "Òun náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ gbogbo ìkòkò wò lójoojúmọ́, kẹ́nikẹ́ni tó jẹun."

Ara bàbá bù máṣọ. Kí wọ́n máa sanwó fún un láti tọ́ ọbẹ̀ wò! Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kó tún lẹ́tà náà kọ, kódà kò kà á parí. Ó kàn ya ìsàlẹ̀ tí orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà sọnù, ó fi bírò pupa kọ tiẹ̀ sí èyí tó ṣẹ́ kù, ó sì gbé e wọlé tọ Màdáámù.

"Ẹ̀yin fúnra yín kì í jẹ ẹran?" Màdáámù bi í.

"Ẹran kẹ̀? Màdáámù, ọdún mẹ́ta rèé! Eyín mi gan-an ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Mo máa wá sílé yín lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì. Ilé ni mo ti ń mọ ẹni tó mọ oúnjẹ sè. Mo lè mú ènìyàn bíi mẹ́rin dání, kí wọ́n bá mi tọ́ ọ wò."

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò dé ilé, ó fi ọ̀rọ̀ náà yí po kó tó sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ fetí sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

"Lẹ́tà mi ńkọ́?"

"Lẹ́tà rẹ wà níwájú Màdáámù. Ó kà á, ó dùn mọ́ ọn gan-an."

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀?"

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Ọ̀kan náà kọ́ ni wá ni? Tí mo bá ti gba iṣẹ́ yẹn, ìwọ lo gbà á. Wàá máa wá ràn mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé."

Ó dun obìnrin náà dé egungun. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, kò bú u, kò sì sunkún. "Ọbẹ̀ píìsì ni mo máa sè," ó ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n kó o jáde kí wọ́n tó dé o. Tí wọ́n bá rí ẹ, wọ́n á rò pé ìwọ lo sè é."

"Wọ́n á rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, obìnrin náà ti wà ní ilé ìdáná. Ó da píìsì sórí àwo, ó ṣà á, ó yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí omi fi mọ́ gaara. Ó gé àlùbọ́sà mẹ́ta, ó dín in nínú òróró lórí iná kékeré, kò kánjú, títí ó fi pọ́n bí oyin. Ó da áyù tó gún sí i, kárọ́ọ̀tì tó gé róbóróbó tẹ̀ lé e, ó da ọ̀dùnkún sí i, ó da píìsì sí i, ó da omi gbígbóná lé e, ó ju ewé gbígbẹ olóòórùn méjì sínú ẹ̀.

"Ẹ wá wò ó," ó pe ọkọ rẹ̀. "Wọ́n lè bi yín."

Ọkọ rẹ̀ wà níwájú dígí. Ó ti ra aṣọ funfun àwọn olùdáná, oníbọ́tìnì méjìlá, ó sì ń wò ó bóyá kó gẹ fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni tàbí kó gbé e dúró ṣánṣán. "Kí ni wọ́n máa bi mí? Mo ti jẹ ẹ́ tó ìgbà igba!"

Nígbà tí ọbẹ̀ ti hó fún bí ogún ìṣẹ́jú, obìnrin náà gbé ìkòkò kúrò lórí gáàsì tòun ti ìdérí. Ó gbé e sínú àpótí pákó kan, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e nígbà mẹ́ta, ó gbé ìrọ̀rí lé e, ó pa àpótí dé. Bó ṣe máa ń ṣe é láti ilé ìwòsàn nìyẹn, kí gáàsì má bàa tètè tán. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, torí kì í débẹ̀ àfi ìgbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ gbọ́ mi o. Kò tíì jinná. Ooru ara ẹ̀ ló máa fi jinná nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣí i. Tó bá di aago méjì, kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wá bu iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i. Iyọ̀ tó bá tètè wọ̀ ọ́ ò ní jẹ́ kó rọ̀. Ẹ má ṣí i o!"

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Obìnrin náà gbé báágì ńlá kan kọ́ èjìká, ó jáde. Báágì náà wúwo. Ọkọ rẹ̀ ò bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀, torí kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ fìlà.

Ó ku òun àti àpótí. Ó jókòó. Ó dìde. Ó rìn yí i ká. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló lè fi mú ara dúró, kò sí èyí tó gùn tó o láyé ẹ̀. "N óò kàn wò ó ni," ó sọ fún àpótí. Ó ṣí i, ó tú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí, ooru sì rú jáde fùù, ó bo dígí ojú rẹ̀. Ó bu omi ọbẹ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Iyọ̀ kù."

Kó tó di aago kan ààbọ̀, ìgbà mẹ́jọ ló ti ṣí i. Ìgbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni iyọ̀ kù. Nígbà tó di ẹ̀kẹjọ, ooru ò rú jáde mọ́. Ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú, torí dígí rẹ̀ ò ṣú mọ́.

Títọ́ ọbẹ̀ wò yìí wá dá ebi sí i lára. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan, ó wá fa ìtan adìẹ díndín kan yọ nínú àpò bébà tó fi pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì. Ọdún mẹ́ta tí kò jẹ ẹran! Ó bù ú jẹ, ó lá ìka. Ó ń bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà dún. Aago méjì ò tíì lù!

Jìnnìjìnnì bò ó. Fèrèsé wà níbẹ̀ o, kò rí i. Fìríìjì wà níbẹ̀, kò rántí. Ó ṣí àpótí, ó ki ìtan adìẹ sáàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé, ó nu ẹnu, ó lọ ṣílẹ̀kùn.

Màdáámù wọlé. Akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti bírò, àwọn obìnrin méjì tó ń di ìwé pọ̀ tẹ̀ lé e, Bàbá Onímáṣìnì sì kẹ́yìn wọn. Àgbà ni, òun ló pẹ́ jù nílé iṣẹ́ náà, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ oríkì a-sebẹ̀-má-fọwọ́-kan-ọ̀bẹ.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́," Màdáámù ní. "Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ bẹ́ ẹ ṣe sè é sílẹ̀. Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo gbé ìkòkò kaná."

Akọ̀wé kọ ọ́. "Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, mo tọ́ ọ wò."

"Kí lẹ tọ́ wò?" Bàbá Onímáṣìnì bi í. "Ìdí ìkòkò?"

"Àlùbọ́sà ńkọ́?" Màdáámù tún bi í.

"Àlùbọ́sà wà níbẹ̀, Màdáámù. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní ẹ ti wà ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn rí. Ọdún mélòó?"

Ojú bàbá pọ́n. Ilé ìwòsàn ti bọ́ sí apá ibi tí kò kà. "Ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni. Mo... mo ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin rí."

Akọ̀wé dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Kí wọ́n má bàa bi í ní òmíràn, Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò sáré gbé ìkòkò jáde nínú àpótí. Ojú Màdáámù wá mọ́lẹ̀ kedere. "Inú bùláńkẹ́ẹ̀tì! Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyí! Ẹ ò ṣí i láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbé e síbẹ̀, àbí?"

"Ṣíṣí kẹ̀! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó bu ọbẹ̀ fún wọn. Ó yẹ kí ọbẹ̀ píìsì máa dà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú abọ́. Èyí ń ró kà, kà, kà. Omi rẹ̀ wà lọ́tọ̀, píìsì wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá Onímáṣìnì fi ṣíbí kan sẹ́nu, ohun kan sì dún kọ́ nínú ẹnu rẹ̀. Ó rọra tu ú sí ìtẹ́lẹwọ́.

"Màdáámù, eyín méje ló kù mí lẹ́nu. Mi ò fẹ́ kó di mẹ́fà."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di ìwé pọ̀ dìde láìsọ̀rọ̀, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó mu ife méjì tẹ̀ léra. Màdáámù náà tọ́ ọbẹ̀ wò. Omi lé sí i lójú. "Ọ̀gá," ó ní, "iyọ̀..."

"Ó kù, àbí?" Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò ti na ọwọ́ sí agolo iyọ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀!" Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Màdáámù kì í ṣe ẹni tó fẹ́ dójú ti àgbàlagbà. "Bóyá bùláńkẹ́ẹ̀tì yín ló fẹ́lẹ́, tí kò gba ooru dúró. Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó kúnlẹ̀ síbi àpótí, ó ki ọwọ́ bọ inú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ bá nǹkan. Ó fà á jáde. Ìtan adìẹ ni, wọ́n ti bù ú jẹ dé àárín, ojú eyín sì hàn lára ẹ̀ kedere.

Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Kí nìyí?" Màdáámù bi í.

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò wo ìtan adìẹ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ewé olóòórùn ni," ó ní.

"Ewé tó ní orúnkún?" Bàbá Onímáṣìnì dáhùn.

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú ilé yẹn ò ṣeé dá dúró. Akọ̀wé gbàgbé ara rẹ̀, ó fi ìwé bo ojú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Aránṣọ tó ń gbé lókè orí wọn ni, Ìyá Òkè.

"Ẹ má bínú o, mi ò mọ̀ pé ẹ ní àlejò. Mo fẹ́ yá abọ́ ni. Ìyàwó yín se ọbẹ̀ sílé mi, ó pọ̀, abọ́ mi ò tó."

Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òórùn sì wọlé tọ̀ wọ́n wá: àlùbọ́sà tó pọ́n dáadáa, áyù, àti ewé olóòórùn tí kò ní orúnkún. Màdáámù gbé abọ́ rẹ̀, ó gba orí àtẹ̀gùn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò ò mọ ohun tó lè ṣe, òun náà gbé abọ́, ó tẹ̀ lé wọn.

Lókè, ìyàwó rẹ̀ ń tú bùláńkẹ́ẹ̀tì lára ìkòkò kejì. Ohun tó wúwo nínú báágì rẹ̀ nìyẹn: ìyókù píìsì, ìyókù kárọ́ọ̀tì, ìkòkò, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí ìdérí, ooru rú dé àjà. Ọbẹ̀ ki, ó dán, píìsì ti yọ́ tán pátápátá. Ó fi ṣíbí sí i, ṣíbí dá dúró. Ó kúnlẹ̀ kí Màdáámù, ó sì bu fún gbogbo wọn.

Bàbá Onímáṣìnì fi eyín méje rẹ̀ jẹ abọ́ méjì.

"Báwo lẹ ṣe sè é?" Màdáámù bi í nígbà tó yá.

"Àlùbọ́sà ni, Màdáámù. Mi ò kì í kán an lójú. Mo máa ń fún un láyè títí á fi pọ́n bí oyin, ìgbà yẹn ni mo tó da nǹkan míì sí i."

Akọ̀wé gbé orí sókè. "Màdáámù, gbólóhùn yẹn wà nínú lẹ́tà. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an."

Màdáámù wo Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó padà wo obìnrin náà. "Ta ló kọ lẹ́tà yẹn?"

Obìnrin náà sọ ọ́ síta. "Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀, Màdáámù. Orúkọ nìkan ni kì í ṣe tèmi."

"Kí ló wá mú yín se ìkòkò kejì?"

"Mo mọ ọkọ mi. Ó máa ń ṣí ìkòkò."

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò bojú wo bàtà rẹ̀. Bọ́tìnì méjìlá aṣọ rẹ̀ ò wúlò fún un mọ́.

"Ọjọ́ Ajé, aago méje," Màdáámù sọ fún obìnrin náà. "Mo máa kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín fúnra mi."

Lọ́jọ́ Ajé, kó tó di aago mẹ́jọ, Bàbá Onímáṣìnì wọ yàrá ìwé òfìfo. Ó nílò ìwé kan ṣoṣo, èyí tó tóbi jù lọ, tó sì nípọn jù lọ. Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní iṣẹ́ Màdáámù ni. Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò fọwọ́ sí i, ó gbé ìwé fún un. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gbàgàdà, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: OLÓRÍ NÌKAN LÓ Ń TỌ́ Ọ WÒ. ẸNIKẸ́NI MÌÍRÀN Ò GBỌDỌ̀ ṢÍ ÌKÒKÒ.

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tò sórí ìlà pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ bíi gbogbo ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sì ń ró ní ìdí rẹ̀. Ó bu tiẹ̀ fún un bó ṣe ń bu ti àwọn yòókù. Bàbá ò dúró kó dé ìdí tábìlì. Ibẹ̀ náà ló ti bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ fùú, ó tọ́ ọ wò, ó dijú. Ènìyàn ogójì tó wà lórí ìlà yíjú sí i.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbákọ dúró. "Ó kù, Bàbá wa?"

Ọ̀gá Tọ́-ọ-wò lajú. Ó wo ogójì ojú yẹn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ mì.

"Nǹkan kan ò kù," ó ní, ó sì lọ jókòó.